Ewé ni Alágbàtọ́ Ọmọ Ẹja: Ìtọ́jú Gọ́pì Nínú Ilé ní Wamakko

Ẹja kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Sókótó. Odò Rima àti odò Sókótó pàdé létí ìlú náà. Omi wọn a máa kún bo fàdámà nígbà òjò, a sì máa fà sẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ó wá fi ẹja sílẹ̀ nínú kòtò àti adágún. Ní Argungu, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kebbi lónìí, ọdún 1934 tí Sultan Sókótó ìgbà náà bẹ ìlú náà wò ni ọdún ẹja pípa tí òkìkí rẹ̀ ti kàn káàkiri ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn ọkùnrin ń ti inú rẹ̀ fi àwọ̀n àti akèrègbè bẹ́ sódò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹja nínú àwọ̀n, ẹja lórí iná, ẹja nínú ọbẹ̀: gbogbo èyí yé tọmọdé tàgbà. Ṣùgbọ́n ẹja tí a kò ní yan, tí a kò ní sè, tí a kàn sọ sínú gíláàsì kí a lè máa wò ó, yóò ya ọ̀pọ̀ àlejò lẹ́nu bí wọ́n bá wọ ilé kan ní Wamakko tí wọ́n sì bá onílé nídìí rẹ̀.

Wamakko kì í ṣe ìlú tí ọmọ Yorùbá kò mọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ náà fara kan ìlú Sókótó pẹ́kípẹ́kí. Inú rẹ̀ ni Kalambaina wà, níbi tí a ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti 1967. Inú rẹ̀ náà ni ọgbà àgbà Yunifásítì Usmanu Danfodiyo wà, ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1975 ní orúkọ Yunifásítì Sókótó, tí a sì yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1988. Ẹni tí iṣẹ́, ẹ̀kọ́ tàbí òwò bá gbé jìnnà sí ilé báyìí a máa wá ohun tí yóò fi dá ara rẹ̀ lára yá ní ìrọ̀lẹ́. Ẹnì kan a gbin ewédú sí ẹ̀yìnkùlé, ẹlòmíràn a sin ẹyẹlé. Ẹja kékeré náà wà lára ohun tí ó ṣeé sìn. Kò gba àyè, kì í pariwo, kì í bá aládùúgbò jà. Iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí a gba àwọn ọmọ rẹ̀ là lọ́wọ́ ọ̀tá mẹ́ta: ẹnu ìyá wọn, omi tí kò dára, àti oòrùn Sókótó.

Ẹja tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni èyí tí àwọn olùsìn ẹja ń pè ní gọ́pì. Ilẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ìhà àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù tí ó wà nítòsí ibẹ̀, bíi Trinidad. Wilhelm Peters, onímọ̀ ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ kọ àpèjúwe rẹ̀ ní 1859, láti ara àwọn tí a mú ní Venezuela. Ní 1866, Albert Günther ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Lọ́ńdọ̀nù gbà á lọ́wọ́ Robert John Lechmere Guppy, ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ láti Trinidad, ó sì fi orúkọ ọkùnrin náà sọ ẹja náà. Àwọn onímọ̀ kò lo orúkọ Günther mọ́, nítorí ti Peters ni ó ṣáájú, ṣùgbọ́n gọ́pì kò kúrò lẹ́nu aráyé títí di òní.

Akọ rẹ̀ kéré, kò gùn ju ìka ọwọ́ kékeré ọmọdé lọ, ìrù rẹ̀ sì dà bí aṣọ òkè tí a fi òwú oríṣiríṣi hun: pupa, ọsàn, àyìnrín, dúdú. Abo tóbi jù ú, àwọ̀ rẹ̀ kò sì gbajúmọ̀. Èyí tí ó yà á sọ́tọ̀ láàrin ọ̀pọ̀ ẹja tí a mọ̀ ni pé kì í yé ẹyin sínú omi. Inú ìyá ni ẹyin ti ń pa, ọmọ tí ó ti lè wẹ̀ ni a sì ń bí. Nàìjíríà ní ẹja ọ̀ṣọ́ tirẹ̀ tí àwọn ará òkè òkun ń fi owó rà, pàápàá láti inú àwọn odò gúúsù, ṣùgbọ́n ẹyin ni púpọ̀ nínú wọn ń yé. Nítorí náà ni gọ́pì ṣe rọrùn fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: oyún rẹ̀ hàn sí ojú, ìbí rẹ̀ hàn sí ojú, ọmọ rẹ̀ sì hàn sí ojú.

Oyún gọ́pì a máa gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó lè dín díẹ̀ bí omi bá gbóná, ó sì lè lé díẹ̀ bí omi bá tutù. Bí ó ti ń sún mọ́ ìbímọ, àmì dúdú kan lẹ́bàá ìdí rẹ̀ a máa fẹ̀ sí i, ikùn rẹ̀ a sì yọ bí ẹni pé ó gbé ẹrù onígun mẹ́rin. Ọmọ 20 sí 50 wọ́pọ̀ nínú ìbí kan. Abo tí ó ti dàgbà dáadáa lè bí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan wà tí ó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Abo lè tọ́jú àtọ̀ akọ sínú ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí ó sì máa bímọ lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù láìrí akọ mìíràn. Ẹni tí ó bá ra abo kan ṣoṣo nítorí pé kò fẹ́ ọmọ lè jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí ó bá ogójì.

Ìyá tí ń jẹ ọmọ

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ń jẹ́ ọmọdé inú ilé ni yóò kọ́kọ́ rí wọn. Yóò sáré wá sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ pé kí ó wá wo ohun tí ó ń rìn nínú omi. Bí bàbá bá tẹjú mọ́ ọn, yóò rí ohun tín-ín-rín tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan, tí ara rẹ̀ mọ́ gaara bí omi, ojú méjì dúdú nìkan ni ó hàn. Kí a tó sọ fún ìyá ilé, ohun náà lè ti pòórá. Ìyá ẹja náà ni ó ti gbé e mì.

Èyí a máa ba ọmọdé nínú jẹ́ gidigidi, kò sì yẹ kí a fi ṣe ẹ̀rín. Nínú àṣà wa, ìyá tí ó pa ọmọ rẹ̀ jẹ kò ní orúkọ mìíràn ju àjẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n gọ́pì kò mọ ọmọ ní ọmọ. Ohun kékeré tí ó bá ń mì níwájú rẹ̀, oúnjẹ ni lójú rẹ̀, ìbáà jẹ́ tanwíjí, ìbáà jẹ́ ọmọ tí ó bí ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn. Ọmọ náà sì wá sáyé pẹ̀lú ìmọ̀ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ: kí ó sá pamọ́. Bí ó bá rí ibi sápamọ́ sí, yóò yè. Bí gbogbo inú gíláàsì bá mọ́ kedere bí yàrá tí a kò tí ì kó àga sí, kò ní í yè.

Àwọn kan a máa ra àpótí kékeré oníke tí a ń gbé kọ́ inú àpótí ńlá, wọn a sì ti abo tí ó ti fẹ́ bímọ mọ́ inú rẹ̀, kí àwọn ọmọ lè jábọ́ gba ihò ìsàlẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n aboyún tí a há mọ́ ibi tóóró a máa gbá ara rẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ̀rù a máa bà á, òmíràn a sì bí ọmọ tí kò tí ì gbó. Ewéko dára ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà púpọ̀. Kì í há ẹnikẹ́ni mọ́. Ó kàn ń fi ààyè tí àgbà kò lè wọ̀ sílẹ̀ fún ọmọdé ni.

Ewéko méjì tí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá wò ní àkọ́kọ́ jẹ́ ewéko tí ó ti mọ̀ láti ilé: ojú oró àti òṣíbàtà. Òṣíbàtà a máa fẹ ewé rẹ̀ sójú omi, igi ewé rẹ̀ a sì gùn dé ìsàlẹ̀. Ó dára fún òjìji, ṣùgbọ́n ó gba àyè ju ohun tí àpótí kékeré lè fún un lọ. Ojú oró ni ó wúlò jù. Kò nílò iyanrìn, kò nílò gbígbìn. Orí omi ni ó ń gbé, gbòǹgbò rẹ̀ a sì rọ̀ sísàlẹ̀ bí irùngbọ̀n àgbà, fọ́nrán lórí fọ́nrán. Àárín irùngbọ̀n náà ni ọmọ ẹja òòjọ́ máa ń sá sí, nítorí pé ojú omi ni ó ń kọ́kọ́ wá lẹ́yìn ìbí. Kì í ṣe ààbò nìkan ni ó rí níbẹ̀. Ara gbòǹgbò náà ni àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ojú lásán kò rí ń gbé, àwọn ni ọmọ ẹja sì ń ṣa jẹ ní gbogbo ọjọ́ láàrin oúnjẹ kan àti èkejì. Bí a bá tún rí ewéko abẹ́ omi tí ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, tí ó ń dàgbà láìfi gbòǹgbò mulẹ̀, kí a dì í ní ìdì ńlá sí igun kan. Igun yẹn ni yóò di àgbàlá àwọn ọmọ.

Ìkìlọ̀ kan kò gbọdọ̀ fò wá níhìn-ín. Ẹni tí ó bá fẹ́ já ojú oró ní adágún tàbí fàdámà kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán wọ omi náà. Àtọ̀sí ajá, àìsàn tí ń mú kí ọmọ máa tọ̀ ẹ̀jẹ̀, jẹ́ ohun tí a mọ̀ ní ẹkùn odò Sókótó. Ìgbín omi ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé inú rẹ̀ dàgbà. Láti ara ìgbín náà ni yóò ti bọ́ sínú omi, tí yóò sì gba awọ ara ènìyàn wọlé, kò nílò ojú egbò kankan. Kí a wọ bàtà òjò gígùn àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà, tàbí kí a ra ewéko lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gbìn ín nínú ike. Bí ó bá dé ilé, kí a dá a sọ́tọ̀ nínú gáróò omi fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, nítorí kòkòrò náà kì í lò ju bí ọjọ́ méjì lọ nínú omi bí kò bá rí ara ènìyàn wọ̀. Kí a yẹ abẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan wò, kí a sì ṣa gbogbo ìgbín àti ẹyin rẹ̀ tí ó rí bí omi ẹ̀kọ dídì dànù, kí a tẹ̀ ẹ́ fọ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bí ọmọ bá ti ń tọ̀ ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ. Oògùn tí a ń pè ní praziquantel wà fún un.

Omi Kalambaina

Ohun kan wà tí Sókótó fi ran olùsìn gọ́pì lọ́wọ́ láìmọ̀. Òkúta ẹfun ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ Kalambaina, òun náà ni a ń lọ̀ tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Omi tí ó bá ti inú òkúta bẹ́ẹ̀ jáde a máa ní ẹfun nínú: ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, ìdí kẹ́tùlù a sì máa fi epo funfun bora. Ọ̀pọ̀ ẹja ọ̀ṣọ́ tí ó wá láti inú igbó òjò kò fẹ́ irú omi yìí. Gọ́pì fẹ́ ẹ. Egungun àwọn ọmọ rẹ̀ a máa le nínú rẹ̀, ìrù wọn a sì máa ṣí. Ẹni tí ó bá ti sin gọ́pì nínú omi òjò nìkan, tí ó rí i pé ìrù wọn pa pọ̀ bí abẹ́bẹ̀ tí a ká, tí wọ́n sì ń gbọ̀n níbì kan náà, yóò mọ ohun tí à ń sọ.

Omi ẹ̀rọ ìjọba a máa ní kílóríìnì tí a fi ń pa kòkòrò àrùn. Ó dára fún ènìyàn, ó burú fún ẹja òòjọ́. Kí a fa omi náà sínú gáróò, kí a má bò ó, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24 kí a tó lò ó. Omi kànga kò ní ìṣòro yìí. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò tí ó jẹ́ pé ọwọ́ mai ruwa ni a ti ń ra omi, kí olùsìn ẹja béèrè ibi tí ó ti bù ú, kí ó sì rántí pé owó ni ó ń dà sínú gíláàsì. Ìyàwó ilé tí ó bá sọ pé omi mímu ni ó ṣáájú omi ẹja kò ṣẹ̀. Àpótí tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí ó fẹ̀ ní 30, tí ó sì ga ní 36, a máa gba omi bíi lítà 60. Ìdá márùn-ún rẹ̀ tí a ó máa pààrọ̀ lọ́sẹ̀ kò ju lítà 12 lọ. Èyí kò pọ̀ jù fún ilé tí ó bá ṣètò rẹ̀. Kí a sì gbé àpótí náà lé orí tábìlì tí ó lágbára, nítorí lítà 60, kílò 60 ni kí a tó ka gíláàsì àti iyanrìn mọ́ ọn.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ ní àkókò ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ gbẹ, omi inú àpótí a sì máa dín lójoojúmọ́. Olùsìn ẹja a kàn máa bu omi kànga kún un títí yóò fi dé ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Omi nìkan ni ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹfun àti iyọ̀ inú rẹ̀ kì í lọ síbì kankan. Bí a bá ń bu omi ẹlẹ́fun kún omi ẹlẹ́fun fún oṣù mẹ́rin, ohun tí ẹja ń gbé inú rẹ̀ yóò ti yàtọ̀ sí ohun tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ bu díẹ̀ jáde kí a tó bu tuntun sí i. Bí a bá ní omi òjò tí a gbè mọ́ láti inú oṣù Ògún, tí kò gba orí páànù tí ó dípẹtà kọjá, èyí gan-an ni ó yẹ fún àfikún.

Oòrùn

Nínú gbogbo ọ̀tá ọmọ ẹja ní Wamakko, oòrùn ni olórí. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, Igbe àti Èbìbí, ooru ọ̀sán ní Sókótó a máa kọjá dígírì Sẹ́síọ̀sì 40, yàrá tí ó ní òrùlé páànù láìsí àjà a sì máa dà bí ààrò. Gọ́pì fẹ́ràn omi tí ó wà láàrin dígírì 22 sí 28. Ó lè fara da ọgbọ̀n àti díẹ̀ lé, ṣùgbọ́n bí omi bá ti ń lọ sí 35, ewu ti dé.

Kì í ṣe ooru fúnra rẹ̀ nìkan ni ó ń pa wọ́n. Bí omi bá ti ń gbóná ni afẹ́fẹ́ tí ó lè wà nínú rẹ̀ ń dín. Lítà omi kan ní dígírì 25 lè gba ọ́síjìn tí ó lé díẹ̀ ní mílígíráàmù 8. Ní dígírì 35, kò tó 7. Nígbà kan náà ni ara gbígbóná ń mú kí ẹja máa mí yára, kí ó sì máa béèrè fún ọ́síjìn púpọ̀ sí i. Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ewéko ti yí padà díẹ̀, tí ẹni tí ó ti gbọ́ ìyìn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tún etí rẹ̀ tẹ́. Ewéko ń tú ọ́síjìn sílẹ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà. Bí òkùnkùn bá ṣú, òun náà ń lò ó gẹ́gẹ́ bí ẹja ti ń lò ó. Àpótí tí ewé kún fọ́fọ́, ní òru tí ó gbóná, tí iná mànàmáná ti lọ tí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi sì ti dákẹ́, a máa gbẹ́mìí ẹja ní ìdájí. Onílé yóò jí, yóò bá gbogbo wọn lójú omi tí wọ́n ń ya ẹnu, àwọn ọmọ ni yóò sì kọ́kọ́ kú.

Ohun tí a lè ṣe kò ṣòro. Kí ojú oró má ṣe bò ju ìlàjì ojú omi lọ. Kí a máa yọ èyí tí ó bí lé e dànù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí àpótí fẹ̀ ju kí ó ga lọ, nítorí ojú omi ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí iná bá lọ lóru, kí ẹni tí ó bá jí fún ìrun òwúrọ̀ tàbí àdúrà ìdájí fi ife bu omi inú àpótí náà, kí ó sì máa dà á padà sínú rẹ̀ láti òkè, ní ìgbà ogún tàbí ọgbọ̀n. Ọ̀nà àwọn tálákà ni, ṣùgbọ́n ó ti gba ọ̀pọ̀ ẹja là ju ẹ̀rọ olówó ńlá tí kò rí iná lò lọ.

Ní ti ìtutù, kí a gbé àpótí sí ìsàlẹ̀ yàrá tí ó tutù jù, sí ara ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í bá, kí ó jìnnà sí fèrèsé. Fáànù tí ń fẹ́ sí ojú omi lè fà á sísàlẹ̀ ní dígírì méjì tàbí mẹ́ta, nítorí pé afẹ́fẹ́ Sókótó gbẹ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi a sì tètè bá a lọ. Ẹni tí kò ní fáànù lè fi omi inú ọ̀rá tí ó ti dì nínú fíríìjì lé ojú omi láì tú u, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí ìtutù má baà dé lójijì. Ìkòkò amọ̀ tí a kò kùn ní ọ̀dà tún wà. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé omi inú àmù a máa tutù nítorí pé àmù ń làágùn. Ní Jigawa, Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan, lo ọgbọ́n yìí nígbà tí ó fi ìkòkò kan sínú ìkòkò mìíràn tí ó sì fi iyanrìn tútù sáàárín wọn kí ẹ̀fọ́ àti èso má baà bàjẹ́. Ó gba ẹ̀bùn Rolex nítorí rẹ̀ ní 2000. Ìkòkò ẹlẹ́nu gbígbòòrò tí a gbé ka iyanrìn tútù bẹ́ẹ̀ lè gba ọmọ ẹja ogún là ní ọ̀sán oṣù Igbe. Àléébù rẹ̀ ni pé a kò ní í rí wọn dáadáa.

Ti oúnjẹ kò gùn. Ẹnu ọmọ òòjọ́ kò gba tanwíjí. Pupa ẹyin adìyẹ tí a sè, tí a fi ìka méjì fún pọ̀, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, tó fún ogún ọmọ lẹ́ẹ̀kan; oúnjẹ ẹja tí a lọ̀ kúnná bí àtíkè náà dára. Kí a fún wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ tí ó lawọ́ jù ni ó ń pa ọmọ ẹja jù. Èyí tí wọn kò jẹ a máa rà, a máa di májèlé tí a ń pè ní amóníà, ẹ̀kọ́ pé ewéko lè mu díẹ̀ nínú rẹ̀ kò sọ pé ó lè mu gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn yóò lè jẹ tanwíjí kéékèèké, kí a sì wo bí wọ́n ti ń sáré lé e.

Ní àkókò yìí náà ni akọ àti abo ń yàtọ̀. Lẹ́bẹ́ ìsàlẹ̀ akọ a máa tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, ti abo a sì wà bí abẹ́bẹ̀. Kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ ní kíá, nítorí kò ní í pẹ́ rárá tí àbúrò àti ẹ̀gbọ́n yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí bá ara wọn bímọ.

Ẹni tí ó bá ń gbé ẹja tirẹ̀ bọ̀ láti Èkó, níbi tí àwọn tí ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ wà, kí ó má ṣe fún wọn ní oúnjẹ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìrìn àjò. Kí omi jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀rá náà, kí afẹ́fẹ́ jẹ́ ìdá méjì, kí ọ̀rá wà nínú páálí tí ó ṣókùnkùn, kí a sì bá ọkọ̀ òru lọ. Bí ó bá dé Wamakko, kí ó má ṣe tú wọn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí ó fi ọ̀rá náà léfòó sínú àpótí fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó sì máa bu omi ilé sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan, nítorí omi Èkó àti omi Kalambaina kì í ṣe omi kan náà.

Èkó ni a tún ti lè rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹja yìí bá bọ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Gọ́pì ti di ará gọ́tà níbẹ̀. Nínú omi dúdú tí ń ṣàn láàrin ilé, tí ẹja mìíràn kò lè gbé, ni ó ti ń bímọ. Àwọn onímọ̀ ẹja tẹ ìwádìí jáde ní 2012 lórí ohun tí ó ń jẹ nínú àwọn gọ́tà ńlá ìlú náà. Ẹnì kan lè sọ pé kò burú, ó ń jẹ tanwíjí. Òtítọ́ ni pé ó ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń jẹ tanwíjí a tún máa jẹ ẹyin àti ọmọ ẹja ẹlòmíràn. Àwọn ará etí ọ̀sà kò tí ì gbàgbé ewéko olódòdó aláwọ̀ elésè-àlùkò tí omi gbé wọ Badagry láti ìhà Benin ní 1984. Ẹwà rẹ̀ ni a fi mú un kúrò ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Láàrin ọdún díẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kò rí ọ̀nà gbà mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi.

Odò Rima kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé ní Wamakko. Ní 1963 ni onímọ̀ ẹja kan, M. J. Holden, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí àwọn ẹja inú adágún tí odò Sókótó ń fi sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Inú adágún bẹ́ẹ̀ ni ẹja ìbílẹ̀ ti ń fara da ooru, àìtó afẹ́fẹ́ àti ẹnu ẹyẹ títí òjò yóò fi dé. Lára wọn ni àrọ̀ tí ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè omi. Oúnjẹ àwọn ará ilẹ̀ náà ni wọ́n, owó àwọn apẹja sì ni. Ọmọ Yorùbá tí ó jẹ́ àlejò níbẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò da ẹja àjèjì sí wọn láàrin.

Nítorí náà, bí ọmọ ẹja bá pọ̀ ju àpótí lọ, ẹlòmíràn tí ń sìn ín ni kí a fún, tàbí ilé ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ yóò fi wọ́n kọ́ àwọn ọmọ. Èyí tí ó bá kú, kí a sin ín sínú ilẹ̀. Omi tí a bá bù jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí a fi asẹ́ sẹ́ ẹ nítorí ọmọ òòjọ́ tí ojú kò tètè rí, kí a má sì dà á sínú gọ́tà tí ń ṣàn lọ sódò. Ìdí ewédú ẹ̀yìnkùlé ni kí a dà á sí. Ìgbẹ́ ẹja ti wà nínú rẹ̀, ewé náà yóò sì dúdú ju ti ọ̀dọ̀ aládùúgbò lọ.